Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Wá Máàpù Àtijọ́ Lẹ́nu Wò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dìde níwájú àwùjọ láti sọ̀rọ̀ nípa máàpù àtijọ́, mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Abala kan lára máàpù ilẹ̀ England ni mo gbé kalẹ̀, lára àwọn tí iléeṣẹ́ Ordnance Survey kọ́kọ́ ṣe, tí íǹṣì kan lórí ìwé dúró fún máìlì kan lórí ilẹ̀. Wọ́n tẹ ọjọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì gba ọjọ́ náà gbọ́. Mo ní, "Ẹ wo bí agbègbè yìí ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún." Mo ń fi ìka tọ́ka sí odò, sí oko, sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ni bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn bá nawọ́ sókè: "Ọmọ mi, ìlà gígùn tó la àárín oko wọ̀nyẹn kọjá yẹn ńkọ́? Kí nìyẹn?"

Ojú irin ni. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1825 ni ojú irin Stockton sí Darlington, ọ̀kan lára àwọn ojú irin àkọ́kọ́ ní England, ṣí, ti Liverpool sí Manchester sì tẹ̀lé e ní 1830. Ọjọ́ tí mo kà fún wọn ti lé ní ogún ọdún ṣáájú ìyẹn. Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń bi máàpù ní ìbéèrè kó tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ohun tí mo sì fẹ́ fi han ẹ̀yin náà nìyẹn.

Mo padà sí ilé ìkàwé tí mo ti rí ìwé náà. Ìyá tó ń tọ́jú yàrá máàpù níbẹ̀ wò ó, ó ní, "Ọjọ́ ìbí ọmọ lo kà, ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kọ́." Ó wá là á yé mi. Ara bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń fín máàpù láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù sì ni. Ẹni tó ti náwó lé e kò ní sọ ọ́ nù tìtorí pé wọ́n la ọ̀nà tuntun. Wọn á fi òòlù lu ẹ̀yìn bàbà náà níbi tí nǹkan ti yí padà, kí ojú ibẹ̀ lè yọ sókè. Wọn á fá a, wọn á dán an, wọn á sì fín ohun tuntun síbẹ̀. Wọ́n lè ṣe gbogbo èyí kí ọjọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ ìwé má yẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń wá lórí máàpù kọ̀ọ̀kan báyìí: ọjọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọn rin ilẹ̀ náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ wọn jáde, àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi yìí gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́ yín lọ́rùn.

Bí ó bá jẹ́ ìwé gidi ló wà níwájú yín, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òǹtẹ̀ ilé ìkàwé, orúkọ ẹni tó ni ín rí, iye owó tí wọ́n tà á, ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Láti bí 1794 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ní England ti ń fi ọdún sínú àmì tó fara pamọ́ sára ìwé, tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń tú u fó. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tẹ máàpù sórí ìwé tí wọn ò tíì ṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ń lò, ẹ bá ilé ìkàwé tó gbé e síbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn yín. Wọ́n máa ń dáhùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Bí kò bá sí ọjọ́ rárá, ẹ jẹ́ kí orúkọ ìlú sọ̀rọ̀. Mo ní máàpù Yúróòpù kan, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri kíláàsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya dànù tòun tọjọ́. Mo wá Saint Petersburg lọ, Petrograd ni mo bá níbẹ̀. Ọdún 1914 ni wọ́n fún ìlú náà ní orúkọ yẹn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1924 ó di Leningrad. Mo sún ojú síwọ̀-oòrùn díẹ̀, mo rí Czechoslovakia, tí kò di orílẹ̀-èdè títí di oṣù Kẹwàá 1918. Ìlú tí a mọ̀ sí Oslo lónìí ṣì ń jẹ́ Kristiania lórí rẹ̀, orúkọ yẹn kò sì yí padà àfi ìbẹ̀rẹ̀ 1925. Orúkọ mẹ́ta péré, ọdún ti há mọ́ àárín òpin 1918 sí 1924.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn dáadáa. Orúkọ tuntun lágbára ju orúkọ àtijọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí mo bá rí Czechoslovakia, ó dá mi lójú pé wọn ò ya ibẹ̀ ṣáájú 1918. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí Constantinople, kò túmọ̀ sí pé máàpù náà ti wà ṣáájú 1930 tí ìjọba Tọ́kì ní kí gbogbo ayé máa pe ìlú náà ní Istanbul, torí pé àwọn tó ń ṣe máàpù nílẹ̀ òkèèrè kì í tètè fi orúkọ tó ti mọ́ wọn lẹ́nu sílẹ̀. Ohun tó wà lórí máàpù ń sọ pé "kò ṣáájú ìgbà báyìí", ohun tí kò sí níbẹ̀ ń sọ pé "ó ṣeé ṣe kó ṣáájú." Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹ sì tún ṣọ́ra fún ojú irin àti gbàgede tí wọ́n yà nígbà tí iṣẹ́ wọn ṣì wà lórí ìwé. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí owó wọn tán, tí wọn ò kọ́ wọn láéláé, tí máàpù sì ń fi wọ́n hàn bí ẹni pé ọkọ̀ ti ń gba ibẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn ọjọ́, ìbéèrè tó kàn ni pé: ta ló sanwó rẹ̀, kí ló sì fẹ́ fi í ṣe?

Àwọn máàpù tí mo fẹ́ràn jù láyé ni ti iléeṣẹ́ Sanborn ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1867. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní ìlú mìíràn fẹ́ mọ̀ bóyá ilé tí òun kò fojú rí rí lè tètè jóná, kó lè mọ iye tí òun máa gbà lórí rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ya ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì kùn ún: àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ fún bíríkì, yẹ́lò fún pákó, búlúù fún òkúta. Íǹṣì kan lórí púpọ̀ nínú wọn dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 50 péré, débi pé ẹ lè ka ilé kéékèèké tó wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n kọ iye àjà ilé, irú òrùlé, ibi tí fèrèsé wà, ibi tí páìpù omi gbà kọjá, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà, torí pé iná ilé búrẹ́dì yàtọ̀ sí iná ilé aránṣọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Nígbà tí wọ́n bá wó ilé kan tàbí tí wọ́n kọ́ òmíràn, iléeṣẹ́ náà kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tẹ ìwé ńlá tuntun. Wọ́n á tẹ ègé ìwé pélébé tó bá ibẹ̀ mu, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ìwé kan ṣoṣo lè ní ìtàn ogún ọdún, ègé lórí ègé, bí ògiri tí wọ́n ti kùn lákùntúnkùn. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ wá etí ègé náà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà níbi tó ti pàdé ìwé ìsàlẹ̀, kódà lórí ẹ̀dà kọ̀ǹpútà. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí ìlà yẹn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: bóyá iná jó, bóyá wọ́n ta ilẹ̀, bóyá ọrọ̀ dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yín. Library of Congress ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún abala wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ló wá sọnù lórí wọn? Àwọn èèyàn. Adójútòfò kò bìkítà nípa orúkọ ẹni tó ń sùn nínú ilé náà. Níbi tí wọ́n bá sì ti kọ nǹkan nípa àwọn olùgbé, ẹ̀yà wọn ni wọ́n sábà máa ń kọ, pé ti àwọn ará Ṣáínà ni tàbí ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó ń ṣírò ewu iná ló ka ẹ̀yà kún ohun tó yẹ ní mímọ̀. Ìyẹn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún wo máàpù Charles Booth, tó fi bí òṣì àti ọrọ̀ ṣe rí ní London hàn ní 1889. Àwọ̀ méje ló lò, láti yẹ́lò fún àwọn olówó títí dé dúdú. Nígbà tí mo ka àlàyé àwọ̀ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀: ó ní àwọn tó rẹlẹ̀ jù lọ ni, oníwà burúkú, tó sún mọ́ ọ̀daràn. Máàpù tó yẹ kó sọ iye tó ń wọlé fún wọn ti ṣe ìdájọ́ ìwà wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá lórí àlàyé àmì láti lọ wá òpópónà tí wọ́n ń wá. Èmi máa ń ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ya máàpù ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn máàpù tí àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan ṣe ní ọdún 1935 sí 1940 láti díwọ̀n ewu tó wà nínú yíyá ènìyàn lówó ilé: gíríìnì, búlúù, yẹ́lò, pupa. Àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń kùn ní pupa nígbà gbogbo.

Nígbà mìíràn, máàpù jẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹ ó ti gbọ́ nípa John Snow, dókítà tó ya ibi tí kọ́lẹ́rà ti pa èèyàn ní àdúgbò Soho ní London ní 1854, ìlà dúdú kékeré kan fún òkú kọ̀ọ̀kan, tí ìlà náà sì pọ̀ yí ẹ̀rọ omi Broad Street ká. Wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ya máàpù tán ni ojú rẹ̀ tó là. Ẹ wo ọjọ́ bí mo ṣe wí. Snow ti kọ ọ́ ní 1849 pé omi ló ń gbé kọ́lẹ́rà kiri. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1854 ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà. Ìwé tí máàpù tí gbogbo ayé mọ̀ náà wà nínú rẹ̀ jáde ní 1855. Ó ya á láti fi yí àwọn tó ń ṣiyèméjì lọ́kàn padà. Kò bu iyì rẹ̀ kù rárá lójú mi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi gbèjà ohun tó gbàgbọ́ ló ń kà.

Ọ̀rọ̀ ìhà àti ìwọ̀n kò gba àkókò púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo máàpù ló gbé àríwá sókè. Ti al-Idrisi, tó ṣe fún ọba Roger Kejì ti Sicily ní 1154, gúúsù ló wà lókè rẹ̀. Ti Hereford, tí wọ́n yà sórí awọ ẹran ní nǹkan bí 1300, ìlà-oòrùn ló wà lókè rẹ̀, Jerúsálẹ́mù sì wà láàárín gbùngbùn. Ẹ má yí wọn po láti bá ojú yín mu. Ohun tí wọ́n fi sókè àti ohun tí wọ́n fi sáàárín wà lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Lórí ti Mercator, 1569, Greenland àti Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìnlá jù ú lọ; àwọn atukọ̀ tó fẹ́ fi rúlà fa ìlà tọ́ọ́rọ́ ló ṣe é fún. Bí nọ́ńbà tó wà létí máàpù ilẹ̀ Faransé àtijọ́ kan bá sì yàtọ̀ sí ti òde òní, ẹ má rò pé wọn ò mọ ìṣirò: Paris ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó sì fi ìwọ̀n 2°20′ wà ní ìlà-oòrùn Greenwich. Ọdún 1884 ni ìpàdé kan ní Washington yan Greenwich, ní London, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n á ti máa bẹ̀rẹ̀ kíkà náà.

Ibi tí mo ti máa ń pẹ́ jù ni àṣìṣe.

Ní 1798, James Rennell, ọ̀kan lára àwọn tó mọ iṣẹ́ máàpù jù nígbà ayé rẹ̀, ya òkè gígùn kan la Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá, ó pè é ní òkè Kong, ó sì gbé e ka ohun tí Mungo Park ròyìn nínú ìrìn àjò rẹ̀. Kò sí òkè kankan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún ni àwọn tó ń ṣe máàpù fi ń dà á kọ, àwọn kan tilẹ̀ ń fi kún gígùn rẹ̀, títí Louis-Gustave Binger fi rìn dé agbègbè náà ní 1887 sí 1889, tó sì ròyìn pé òun kò bá òkè kankan níbẹ̀. Inú máa ń bí mi nígbà tí mo bá rántí pé àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ wọn kò sì tó láti pa òkè orí ìwé rẹ́.

Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn wúlò fún wa. Bí máàpù méjì bá ṣe àṣìṣe kan náà, ní ibì kan náà, a mọ̀ pé ọ̀kan wo èkejì, tàbí àwọn méjèèjì jọ wo ẹ̀kẹta. Báyìí ni èèyàn ṣe ń to ìdílé máàpù, ta ni bàbá, ta ni ọmọ. Ìdí pàtàkì tó fi yẹ kí a máa ṣe é ni pé máàpù mẹ́wàá tó wo ara wọn kọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́wàá. Ẹnì kan ló sọ̀rọ̀, mẹ́sàn-án tún un sọ. Ẹ má sì rò pé ìgbà àtijọ́ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀: ní 2012, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Ọsirélíà wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí Google Maps fi erékùṣù Sandy sí, omi òkun tó jìn ju mítà 1,000 lọ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ẹ wá fi ìyẹn wé máàpù Áfíríkà tí d'Anville ṣe ní 1749. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti fi erin, ìjọba àti odò àfẹnusọ kún àárín ilẹ̀ náà. Òun yọ ohun tí kò ní ẹ̀rí kúrò, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ojú ibi òfìfo, ẹ béèrè irú òfìfo tó jẹ́. Ṣé ti ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ ni? Àbí ti ẹni tó mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀, tó sì fẹ́ kí ilẹ̀ náà dà bí èyí tí kò lólúwa? Máàpù nìkan kò lè dá yín lóhùn. Lẹ́tà ẹni tó yà á, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀, ìwé owó orí, ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ, ẹ kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ti àtijọ́ lé orí ti òde òní, àwọn ibi tí kì í ṣí kúrò ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀: ìpàdé ọ̀nà, afárá òkúta, igun ilé ìjọsìn. Ẹ má lo etí odò tàbí etí òkun, wọ́n máa ń rìn. Èmi kì í lo kéré sí ibi mẹ́jọ, mo sì máa ń tú wọn ká dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé ìwé àtijọ́ máa ń sún kì, ìhà kan sì lè sún kì ju èkejì lọ. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ máàpù, máa ṣe é fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí ìkànnì National Library of Scotland, wọ́n ti so ọ̀pọ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ kàn máa fà á síwá sẹ́yìn ni. Àmọ́ ẹ má wọn ohun tí máàpù kò wọ̀n. Lórí abala tí íǹṣì kan jẹ́ máìlì kan, ìyẹn 1:63,360, ìlà tó fẹ̀ tó mìlímítà kan gba mítà 63 lórí ilẹ̀. Ọ̀nà tó dà bíi pé ó fẹ̀ gan-an lè má gba ju kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan lọ.

Mo padà sídìí ojú irin bàbá yẹn níkẹyìn. Mo wá ọdún tí wọ́n ṣí ojú irin tó wà lórí ìwé náà, mo sì wá ọdún tí wọ́n ṣí ẹ̀ka rẹ̀ kan tí kò sí níbẹ̀, àlàfo ọdún mẹ́rin ló kù láàárín wọn. Mo lọ wo ẹ̀dà kejì ní ilé ìkàwé mìíràn, ẹ̀ka yẹn wà lórí tiẹ̀, ọjọ́ ẹsẹ̀ ìwé méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Mo gé káàdì kékeré kan, mo kọ ohun mẹ́rin sí i: ìgbà tí wọ́n wọn ilẹ̀, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, àárín ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà yìí, àti ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fún ìyá yàrá máàpù. Ó kà á, ó mú pẹ́ńsù, ó sì fi ìlà karùn-ún kún un: "Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè."